Àwòrán ilé wa lórí pákó: fọ́tò orí ìwé ló run owó mi

Pákó kọ́ ló gbówó mi lọ lórí iṣẹ́ yìí, gúlù náà kọ́. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ni, ìwé lásán! Mo sọ fún ọmọ tó ń tẹ̀wé ní Tankẹ, Ìlọrin, pé ẹ̀rọ laser ni mo fẹ́ kó fi tẹ fọ́tò ìyá àgbà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, laser ni, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó parọ́. Bí gúlù ṣe kan ìwé yẹn báyìí, ojú ìyá àgbà di omi aró, ó ṣàn wọ inú òfì tí mo ti lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pákó lọ, òfì lọ, ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi sì ní kì í ṣe ẹjọ́ òun.

Àgbàlá ilé tí mo gbé dàgbà ní Òkèlele ni mo fẹ́ fi ohun tí ọwọ́ tẹ̀ gbé jáde: erùpẹ̀ pupa, àpáàdì, òfì, tàdáwà (yíǹkì tí a fi ń kọ wàláà) àti fọ́tò. Kíkun pákó àti gígé rẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun tí mo kàn máa sọ ni pé kí plywood yín nípọn tó ìdajì íǹṣì, kí ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀dà emulsion funfun kun iwájú àti ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ iwájú nìkan lẹ kùn, ojú kan á mu omi, ojú kejì ò ní mu, pákó á sì ká kò.

Erùpẹ̀ ò le rárá. Ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá po ife mẹ́ta rẹ̀ mọ́ ife yanrìn odò kan àti ife gúlù funfun àwọn kápíńtà kan, kí ẹ máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dúró lórí ọ̀bẹ láìṣàn. Kó má nípọn ju mìlímítà 3 lọ lẹ́ẹ̀kan. Amọ̀ máa ń súnkì bí omi bá ṣe ń kúrò nínú rẹ̀, èyí tó bá nípọn á sán. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ọ̀rá bò ó kó lè rọra gbẹ. Òfì ní tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi gúlù fẹ́ẹ́rẹ́ la ibi tí ẹ fẹ́ gé, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo òwú rẹ̀ á tú. Àpáàdì nílò Araldite (gúlù líle tí a ń po méjì pọ̀), kí ẹ sì ha eruku ẹ̀yìn rẹ̀ dànù kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ó yá, fọ́tò. Ẹ̀rọ laser àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá kì í lo yíǹkì olómi. Lẹ́búlẹ́bú tó ní ike nínú ni wọ́n ń lò, iná ló ń yọ́ ọ mọ́ ìwé, omi ò sì lè tú u. Inkjet ló ń lo yíǹkì olómi, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì máa ń tú bí omi bá kàn án. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ kan ìwé bó ṣe ń jáde: ti laser á gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tútù ra etí rẹ̀ níbi tó dúdú. Tó bá ràn mọ́ ìka, ẹ má sanwó. Inkjet nìkan ni wọ́n ní ládùúgbò yín? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá gbé èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá. Ẹ̀dà kejì yẹn ló wúlò, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Inú bí mi nígbà tí mo mọ̀ pé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn.

Ìwé pẹlẹbẹ lásán ni kí wọ́n lò, kì í ṣe èyí tó ń dán. Ẹ sì ti yí fọ́tò sódì lórí fóònù, kí ọ̀tún rẹ̀ di òsì, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, torí pé ojú ni a ó dà dé pákó kí àwòrán lè lẹ̀ mọ́ ọn, ìwé nìkan la ó wá ra kúrò. Gúlù tí ẹ ò bomi là ni kí ẹ fi kun pákó àti ojú fọ́tò, kó fẹ́lẹ́ kó sì dọ́gba. Ẹ dà á dé, ẹ fi ìgò yí i láti àárín lọ sí etí. Afẹ́fẹ́ tó bá há síbẹ̀ á di ihò lójú ẹni inú fọ́tò. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nígbà òjò ẹ fi ọjọ́ kan kún un.

Ẹ wá fi fóòmù tútù pa ẹ̀yìn ìwé náà, kí ẹ máa fi orí ìka ra á. Èékánná kọ́ o! Ìwé á máa ká kúrò ní bọ́ọ̀lù kéékèèké, ẹ ó kọ́kọ́ rí gèlè, kí ẹ tó rí iwájú orí, lẹ́yìn náà ilà ojú. Tó bá gbẹ, funfun kan á tún bò ó. Ìwé tó ṣẹ́kù ni, ẹ tún fomi pa á, ẹ tún ra á. Ẹ má rẹ ẹ́ o, nítorí gúlù kápíńtà máa ń rọ̀ padà nínú omi, tí gúlù náà fúnra rẹ̀ bá ti di funfun ẹ dáwọ́ dúró kó gbẹ. Èyí tí mo ṣe jáde lẹ́yìn ìyà yẹn, ilà ojú ìyá àgbà pé síbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọnù.

Mo fi tàdáwà kọ alífù, bá, tá sí igun kan bí a ṣe ń kọ ọ́ sára wàláà, mo wá fi omi nù ún kó lè ku àpá rẹ̀ nìkan. N kò kọ ọ̀rọ̀ Kùránì síbẹ̀, ẹni tó mọ hàǹtú, omi tí a fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà láti mu, á mọ ìdí. Fáníìṣì elépo tí a ń fín ni kí ẹ fi bo ibẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó bá ní omi á fọ̀ ọ́ lọ.

Àwọn kan ní irú iṣẹ́ yìí ń wo ọgbẹ́ ọkàn sàn. Níwọ̀n tí mo mọ̀, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni bíbò àti ṣíṣí. Ohun tó ń dun èèyàn nípa ilé náà, kó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kó fi erùpẹ̀ bò ó. Tí erùpẹ̀ bá ti ń le ṣùgbọ́n tó ṣì tutù, kó fi ìṣó ha ìwọ̀nba tó wù ú kó hàn. Kò sí ẹni tó lè fi dandan lé e pé kó ṣí ìyókù.

Tó bá di gbígbé kọ́, igi ẹ̀yìn ni kí ẹ de ìdè mọ́, kì í ṣe plywood, erùpẹ̀ wúwo. Tí ẹ bá sì fẹ́ dì í lọ sí Ọ̀fà tàbí Èkó, ẹ má fi ọ̀rá lé ojú rẹ̀. Ooru inú mọ́tò á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gúlù. Pépà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kéèkì ni kí ẹ lò.