Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó ṣì mí lọ́nà: bí mo ṣe tún epo alùpùpù mi ṣe ní Kábà

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi epo kún epo fún ẹ́ńjìnnì tí epo ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, èyí tó wà lára páípù èéfín, ló ń sọ fún mi pé epo kò tó, mo sì gbà á gbọ́.

Honda onísílíńdà kan ni, 250, tòkunbọ̀, íńjẹ́tọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń fọ́n epo sí i. Ní Kábà níbí, oníkabúrétọ̀ ló pọ̀ jù, ẹni tó bá gun oníńjẹ́tọ̀ ló máa tún un ṣe fúnra rẹ̀. Mo yọ kọ̀ǹpútà tó bá a wá, mo fi èyí tí mo lè fi láptọ́ọ̀pù yí ìwọ̀n epo inú rẹ̀ padà síbẹ̀. Mo wá ra sẹ́ńsọ̀ wideband, Bosch LSU 4.9, pẹ̀lú àpótí kékeré tó ń darí rẹ̀. Èyí tó máa ń bá alùpùpù wá, narrowband ni: láàárín fólítì 0.1 sí 0.9 ló ń rìn, kò sì lè sọ ju pé epo pọ̀ tàbí epo kéré lọ, bí a bá fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 wọ̀n ọ́n. Wideband ló ń sọ iye tó fi pọ̀ tàbí tó fi kéré.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, míta wideband ń kà 16, nígbà mìíràn 17; bí òǹkà bá ṣe ga ju 14.7 lọ ni epo ṣe kéré sí. Mo fi epo kún un, ó bọ́ sí 15. Mo tún fi kún un. Èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu sálẹ́ńsà, ojú mi ń ta, míta ṣì ní epo kò tó. Mo tú plọ́ọ̀gì. Ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń dáná igi, epo sì rin ín gbindingbindin.

Ibẹ̀ ni mo ti fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yìí kò rí epo rárá, ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín ló ń kà. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá rí ihò wọlé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kà á mọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Bí plọ́ọ̀gì bá sì kọ̀ tí kò ta iná lẹ́ẹ̀kan, ọ́síjìn ìgbà yẹn kò jó, bó ṣe wọlé náà ló máa bá sálẹ́ńsà jáde, míta á ní epo kéré. Ẹ ò rí i pé epo tó pọ̀ títí tó fi ń pa plọ́ọ̀gì lè mú kí míta máa bèèrè epo sí i!

Mo kọ́kọ́ yẹ sẹ́ńsọ̀ wò. Mo tú u kúrò, mo gbé e kọ́ síta gbangba, mo tan iná rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn o, inú rẹ̀ ń gbóná tó 780°C. Míta sáré lọ sí òpin ibi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, bó ṣe yẹ. Sẹ́ńsọ̀ kò kú.

Ó ku páípù. Mo ti alùpùpù lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà àdúgbò wa.

“Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni mo fẹ́, kó má le.”

“Taya wo ni?”

“Kì í ṣe taya, ẹ̀gbọ́n. Sálẹ́ńsà ni.”

Ó wò mí, ó wo sálẹ́ńsà, ó ní, “Tì í wá ká wò ó.”

Ẹ́ńjìnnì ti tutù. Mo yí i dé ibi tí fáàfù méjèèjì ti pa dé, torí bí èyí tó ń tú èéfín jáde bá ṣí sílẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ máa gbà lọ. A fi àkísà wé rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ ẹnu sálẹ́ńsà, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Níbi tí páípù ti so mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, ọṣẹ ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́ bí ẹnu alákàn. Mo fi ìka nù ún, ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà lára irin lábẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èéfín ti ń gba ibẹ̀.

Fọkanáísà bi mí ní ìbéèrè tó dáa: bí èéfín bá ń jáde níbẹ̀, báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń ráyè wọlé? Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan kì í tu èéfín láìdáwọ́ dúró, gbì, gbì ló ń tu ú. Lẹ́yìn gbì kọ̀ọ̀kan, inú páípù máa ń fà wọlé fúngbà díẹ̀, á sì fa afẹ́fẹ́ ìta gba ihò yẹn. Lórí ìdúró, èéfín kò pọ̀, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó fà ti tó láti ba òǹkà míta jẹ́.

Ẹni tó ta gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí oríkèé páípù yẹn, fún mi fẹ́ kí n fi gọ́ọ̀mù sílíkónì kún un. Mo dúpẹ́, n kò gbà á. Oru sílíkónì máa ń ba sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan ni mo fi sí i. Mo tún ní kí wẹ́ldà gbé ojú ihò sẹ́ńsọ̀ sókè, torí ó ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó fi 10° ó kéré tán gbé orí sókè, kí omi tó ń dì nínú páípù lówùúrọ̀ ọyẹ́ má baà dúró sára rẹ̀, torí omi lára ohun tó gbóná báyẹn lè là á.

Ìdúró dára. Àmọ́ lójú ọ̀nà Ìyàrá, míta kà 13.2, láptọ́ọ̀pù kọ 13.6 sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan náà. Fólítì ni àpótí sẹ́ńsọ̀ fi ń rán òǹkà sí kọ̀ǹpútà; lórí èyí tí mo ń lò, fólítì 0 sí 5 ló dúró fún 10 sí 20, nítorí náà 0.4 yẹn jẹ́ fólítì 0.2. Mo mú míta tí wọ́n fi ń wọn fólítì, mo fi ẹnu rẹ̀ kan sí ẹ́ẹ̀tì àpótí sẹ́ńsọ̀ (ẹ́ẹ̀tì ni ojú tí iná ń gbà padà sí bátìrì), ìkejì sí ẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà, mo tan iná iwájú: 0.2 géérégé. Lára férémù tó ti dípẹtà ni mo so ẹ́ẹ̀tì àpótí náà mọ́. Mo gbé e lọ sójú kan náà pẹ̀lú ti kọ̀ǹpútà, òǹkà méjèèjì sì bára mu.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà sórí láptọ́ọ̀pù, tí mo ń yọ gbogbo epo tí mo ti fi kún un. Mo gun ìgòkè ọ̀nà Ìyàrá ní àfàtán, ó dúró lórí 13.0, kò mì. Mo pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè, mo dúró kó tutù, mo tú plọ́ọ̀gì. Ẹnu rẹ̀ ti ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan.