Bí Ẹ Ṣe Lè Jọ Ṣeré Orin Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Kí Ìlù Má Bàa Fà

Ẹni tó bá ti bá ẹlòmíì kọrin lórí áàpù ìpàdé onífídíò rí á ti mọ bó ṣe máa ń rí: orin á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, láìpẹ́ á máa falẹ̀, nígbà tó bá yá kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ orin. Ohùn ló ń pẹ́ lọ́nà. Onílù lu ìlù, onígìtá gbọ́ ọ pẹ́, ó sì tẹ̀ lé ohun tó gbọ́. Kí gìtá yẹn tó padà dé etí onílù, ìdádúró ti di ìlọ́po méjì, ni onílù bá ń rọra dúró dè é. Bí ẹni méjì bá ti ń dúró de ara wọn, eré ò lè yára mọ́.

A kì í lè mú ìdádúró yìí kúrò pátápátá. Ohun tá a lè ṣe ni pé ká dín èyí tó wà lọ́wọ́ wa kù, ká sì wá pinnu ẹni tí yóò di ìlù mú.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe jìnnà síra tó. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan (mìlísẹ́kọ́ǹdù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan). Àwọn tó fi mítà 8 jìnnà síra lórí pèpéle ti ń gbọ́ ara wọn pẹ́ ní mìlísẹ́kọ́ǹdù 23, wọ́n sì ń ṣeré wọn. Tó bá ti kọjá 25 sí 30 ní ìlọ nìkan, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nínú wáyà fáíbà, kìlómítà 1,000 máa ń gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 5. Torí náà, ẹni tó wà ní kìlómítà 5,000 sí yín ti jẹ 25 lórí ọ̀nà nìkan, láìtíì ka kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Kò sí áàpù tó lè dá ìyẹn padà.

Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ rọ́tà. Kì í ṣe pé Wi-Fi ń lọ́ra ni ìṣòro; ohùn kì í gba ibẹ̀ dé ní déédéé ni. Ègé kan lè dé ní mìlísẹ́kọ́ǹdù 4, kí èyí tó tẹ̀ lé e gba 30, áàpù á sì ní láti kó ohùn pamọ́ díẹ̀ kó má bàa já. Íntánẹ́ẹ̀tì tó yára gan-an ò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, torí ohùn kan tí wọn ò fún pọ̀ ò ju kílóbíìtì 768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹ fi àṣẹ ping, tó ń wọn bí ìsọfúnni ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé kọ̀ǹpútà míì kó sì padà, dán ọ̀nà wò ní ìgbà 100, kí ẹ wo èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Tí àlàfo wọn bá ju mìlísẹ́kọ́ǹdù 10 lọ, ẹ tún ọ̀nà yẹn ṣe kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Àlọ àti àbọ̀ ni ping máa ń kà, ẹ pín in sí méjì.

Hẹ́dífóònù oníwáyà ni kẹ́ ẹ lò. Ti Bluetooth sábà máa ń fi ju mìlísẹ́kọ́ǹdù 100 kún un, ìyẹn nìkan sì tó láti ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ má lo sípíkà, torí máíkì á gbé ohùn àwọn yòókù padà sí wọn.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà gbogbo yín sí 48,000 Hz (iye ìgbà tó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí ẹ sì fi bọ́fà, ìyẹn iye ègé ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti 128. Ìyẹn jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdù 2.7 ní wíwọlé, ó sì kéré tán tó bẹ́ẹ̀ ní jíjáde. Tí ohùn bá ń ta pàrà-pàrà, ẹ gbé e sí 256. Tó bá mọ́ kedere, ẹ dán 64 wò. Lórí Windows, ẹ lo dráífà ASIO (ètò tó ń jẹ́ kí ohùn tètè kọjá) tó bá audio interface yín wá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so máíkì àti gìtá mọ́ kọ̀ǹpútà.

Jamulus, SonoBus àti JackTrip ni àwọn áàpù tí wọ́n dìídì ṣe fún irú eré yìí. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni Jamulus máa ń kó ohùn gbogbo yín jọ sí, torí náà, ẹ wá sáfà tó wà láàárín gbogbo yín, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: nínú Jamulus, ohùn tìrẹ náà gbọ́dọ̀ ti orí sáfà padà wá sí etí rẹ. Tó o bá ń gbọ́ ara rẹ lójú ẹsẹ̀, tó o sì ń tẹ̀ lé àwọn yòókù tí ohùn wọn ti pẹ́, á jọ pé o bá wọn mu, àmọ́ gbogbo wọn á máa gbọ́ ẹ lẹ́yìn. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ Direct Monitor sí lára audio interface, pa á. Láti mọ̀ bóyá ó ti kú lóòótọ́, fa ohùn rẹ wálẹ̀ dé òdo nínú áàpù, kó o wá ta okùn gìtá kan. Tó o bá ṣì ń gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù, kò tíì kú. Akọrin àti onílù ò lè ṣàì gbọ́ ara wọn nínú yàrá, torí náà, kí wọ́n lo hẹ́dífóònù tó bo etí dáadáa.

Ẹ wá yan ẹni tí yóò di ìlù mú. Onílù tàbí oníbáàsì ló dáa jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, ó sì le ju bó ṣe ń dún létí lọ. Kó fa ohùn àwọn yòókù wálẹ̀ títí wọn ò fi ní máa fà á sẹ́yìn mọ́. Metronome (ohun tó ń ka bíìtì) kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó wà, kó sì gba ojú ọ̀nà kan náà tí ìlù rẹ̀ ń gbà jáde, kí àwọn yòókù lè gbọ́ méjèèjì pa pọ̀. Tí kálukú bá tan tirẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láé.

Ẹ fi àtẹ́wọ́ dán an wò kẹ́ ẹ tó kọrin. Kí ẹni tó di ìlù mú ka bíìtì mẹ́rin ní ìyára bíìtì 100 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ jọ pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì láìsí metronome, kẹ́ ẹ wá wọn ìyára ìparí. Tó bá ti di 94, ìdádúró ti pọ̀ jù. Ó lè yára sí i náà: nínú ìwádìí tí Chris Chafe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Stanford, ibi tí àtẹ́wọ́ ti dúró déédéé jù ni nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 11.5, nísàlẹ̀ ìyẹn, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ń yára díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má fi fídíò darí eré. Àwòrán sábà máa ń dé lẹ́yìn ohùn, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé ọwọ́ adarí orin á pẹ́. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi ka ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ọ̀nà bá jìn jù, áàpù míì tó ń jẹ́ NINJAM ló kù. Ó máa ń fi ohùn àwọn yòókù pamọ́ fún odindi àyípo kan, kẹ́ ẹ lè máa lu èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lórí bíìtì kan náà. Àyípo bíìtì 16 ní 120 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 8. Orin tó ń yí po lórí kọ́ọ̀dù kan náà ló bá a mu. Orin tó ní ègbè àti ẹsẹ tó ń yí padà kò ní lọ síbẹ̀ dáadáa.