Fífi Kẹ̀kẹ́ Gọ́ọ̀fù Oníbátìrì Ṣáájì Fóònù Láìjẹ́ Kí Báàgì Há Sórí Pápá

Kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù oníbátìrì, tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ń pè ní tírọ́lì, jẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé báàgì igi gọ́ọ̀fù kiri pápá. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń jẹ iná bátìrì ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó ni ín a sì kàn máa fọwọ́ tọ́ ọ sọ́nà. Ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ PowaKaddy ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, Motocaddy sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2004. Lónìí, lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń ṣe, ihò USB kan wà nítòsí ibi tí à ń fọwọ́ mú, tí a lè fi wáyà bọ fóònù, aago ọwọ́ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bí àsíá tó wà nínú ihò ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní pápá oníhò 18 ti Smokin Hills, ní Ìlárá-Mọ̀kín lẹ́bàá Àkúrẹ́, yóò mọ̀ pé eré kan lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé fóònù tó ṣí máàpù sílẹ̀ nínú oòrùn fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í bá ẹni délé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kìíní tí bátìrì kẹ̀kẹ́ ní ni láti gbé báàgì dé ihò kejìdínlógún. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti fóònù. Arìnrìn-àjò kì í fi owó ọkọ̀ ra àkàrà lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kí ẹ tó ki wáyà kankan bọ ihò kankan, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò.

Ẹ wo ara bátìrì náà, ẹ ó rí nọ́ńbà tí lẹ́tà V tẹ̀ lé, èyí tí í ṣe fólítì, àti nọ́ńbà tí Ah tẹ̀ lé, tó ń sọ iye iná tó lè gbé pamọ́. Ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, èsì rẹ̀ ni Wh, ìyẹn wáàtì-wákàtì. Bí àpẹẹrẹ, bátìrì 12 V tó jẹ́ 18 Ah yóò fún wa ní 216 Wh. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, ìyẹn 5 Ah, ń gbé nǹkan bí 19 Wh, nítorí pé fólítì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3.85 ní ìpíndọ́gba. Iná a máa ṣòfò sínú ooru nígbà tí a bá ń sọ 12 V di 5 V, a sì tún máa ṣòfò díẹ̀ nínú fóònù fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ ka fóònù yẹn sí 24 Wh. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ṣáájì fóònù kan láti òfo dé kíkún ti mú ìdá kan nínú mẹ́sàn-án agbára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bí bátìrì bá ṣì lágbára, èyí kò ní pa eré yín lára. Bí ó bá jẹ́ tokunbo tí agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì, ìdá méjì nínú mẹ́sàn-án ni fóònù náà ń mú, orí òkè ihò kẹrìndínlógún sì ni ẹ ó ti mọ ìyàtọ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tó kù nínú bátìrì tó ti pẹ́? Bí ó bá jẹ́ ti lítíọ́mù 12 V, ẹ ṣáájì rẹ̀ kún, kí ẹ wá so gílóòbù tíráfíkétọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ 12 V, 21 W mọ́ ọn, kí ẹ máa ka wákàtí títí tí bátìrì yóò fi gé iná fúnra rẹ̀. Iye wákàtí náà, ní ìlọ́po 21, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye Wh tó kù nínú rẹ̀. Ẹ gbé gílóòbù náà sórí àwo irin tàbí bíríkì, nítorí ó máa ń gbóná gan-an, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ sùn. Ẹ má ṣe irú ìdánwò yìí fún bátìrì olójé, irú ti inú ọkọ̀, nítorí pé gbígbẹ bátìrì olójé tán pátápátá ń bà á jẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáájì bátìrì ọkọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn dán an wò.

Ìyàtọ̀ àárín bátìrì méjèèjì yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn olùtajà ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Bátìrì olójé wúwo, nígbà mìíràn ó máa ń tó kílógíráàmù mẹ́wàá, ìdajì agbára rẹ̀ nìkan ni ó sì yẹ kí a máa lò bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 26 Ah sí lára jẹ́ 312 Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n 156 Wh ni ẹ ó fi ṣe ìṣirò. Àǹfààní kan tó ní ni pé mítà lásán lè sọ ipò rẹ̀: bí ó bá ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, nǹkan bí 12.7 V ni yóò hàn bí ó bá kún, nǹkan bí 12.2 V bí ó bá ku ìdajì. Ti lítíọ́mù fúyẹ́, a lè lo púpọ̀ jùlọ nínú agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 máa ń dúró sí nǹkan bí 13.2 V fún ìgbà pípẹ́, láti ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí di ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí náà ẹ má ṣe gbọ́kàn lé fólítì rẹ̀.

Bí kẹ̀kẹ́ yín bá ti ní ihò USB láti ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ yín kéré. Ẹ wá ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà tàbí sínú ìwé ìlò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 5 V, 1 A (A ni áńpù, bí iná ṣe ń ṣàn tó), wáàtì márùn-ún ni ó ń fún fóònù. Fóònù tó ṣí máàpù tí iná ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ dé òpin lè máà kún sí i rárá pẹ̀lú èyí, ó kàn ń dúró síbi tó wà ni, ìyẹn náà sì tó fún ẹni tó fẹ́ kí fóònù rẹ̀ bá a délé. Èyí tó jẹ́ 2.1 A ń fún un ní nǹkan bí wáàtì mẹ́wàá. Wáyà tínrín olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí ìdúró ní òpópónà Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́, lè gé iye yìí kù. Ẹ lo wáyà kúkúrú tó nípọn.

Bí kẹ̀kẹ́ kò bá ní ihò USB, a lè fi ọ̀kan sí i. Ohun tí ẹ nílò ni sọ́kẹ́ẹ̀tì USB 12 V tí àwọn ọlọ́kadà máa ń fi sára ọwọ́ ọ̀kadà wọn, tó ní ìdérí rọ́bà, fíúsì kan pẹ̀lú ilé rẹ̀, súìṣì kékeré kan, àti wáyà pupa àti dúdú tí kò tínrín ju 0.75 mm² lọ. Ẹni tó ń ta sípíà ọ̀kadà yóò ní gbogbo rẹ̀. Ẹ ka ara sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ lè mọ iye fólítì tó lè gbà, nítorí pé àwọn kẹ̀kẹ́ Motocaddy kan ń lo bátìrì 28 V, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún 12 V nìkan sì lè jóná lójú ẹsẹ̀ bí a bá so ó mọ́ ọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí kẹ̀kẹ́ bá ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú ilé-iṣẹ́, gígé wáyà rẹ̀ lè fòpin sí ìdánilójú náà.

Ẹ yọ bátìrì kúrò lára kẹ̀kẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ ó ti fa iná ni ẹnu ibi tí wáyà bátìrì ti pàdé wáyà kẹ̀kẹ́, kì í ṣe inú àpótí tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kì í sì í ṣe inú bátìrì. Ẹ má ṣe tú bátìrì lítíọ́mù rárá, ẹ má sì ṣe fa iná láti ara díẹ̀ nínú àwọn ẹyọ inú rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ fólítì tó kéré; ó ń ba ìdọ́gba wọn jẹ́, ó sì lè fa iná. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ṣe wáyà olórí méjì tí yóò wà láàárín bátìrì àti kẹ̀kẹ́: orí kan lọ sí kẹ̀kẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìkejì lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, kí ó sún mọ́ bátìrì bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní olùdáàbòbò bí ó bá fara kan irin. Fíúsì 3 A tó fún sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì tó ń fúnni ní 2.1 A, èyí tó ń ṣáájì kíákíá lè nílò 5 A. Súìṣì náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Iná búlúù kékeré tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí kì í kú, bí ó bá sì ń fa 0.02 A péré, láàárín oṣù kan yóò ti fa ju 14 Ah lọ, bátìrì 18 Ah tí a gbé jókòó sí kọ̀rọ̀ yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù ni ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká. Ẹ fi wáyà sílẹ̀ kí ó rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì ká kẹ̀kẹ́ náà kí ẹ sì tún nà án lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó di wáyà mọ́ irin, kí ẹ lè rí i pé ohunkóhun kò fún un tàbí gé e. Lẹ́yìn náà, ẹ dá bátìrì padà, ẹ fi mítà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì: pupa gbọ́dọ̀ wà níbi tí a kọ àmì + sí, fólítì ẹnu USB sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí 5. Iná USB kékeré olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, kí ẹ sì gbé ẹ́ńjìnnì lọ kí ẹ tún dá a dúró ní ìgbà mélòó kan. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbéra, ìsopọ̀ kan kò mú dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá sí iṣẹ́ wáyà, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà ọkọ̀ tàbí kí ó pe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ iná kan láti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kí ó dúró tì í kí wọ́n má baà fo fíúsì.

Èmi kò gbà pé gbogbo ènìyàn ló nílò iṣẹ́ yìí. Páwà báǹkì 20,000 mAh ń gbé 74 Wh, ó sì lè ṣáájì fóònù yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láìfọwọ́ kan bátìrì kẹ̀kẹ́. Bí fóònù kan ṣoṣo bá ni, ẹ fi páwà báǹkì sínú àpò báàgì. Ẹni tó ní aago, ẹ̀rọ ìwọ̀n, fáànù kékeré àti fóònù méjì, tí fóònù kádì rẹ̀ (ẹni tó ń bá a tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ kiri pápá) náà sì máa ń tọrọ iná, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì orí kẹ̀kẹ́ wúlò fún.

Lórí pápá, àbá mi ni pé kí ẹ má ṣe so fóònù mọ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó parí ihò kẹsàn-án. Nígbà yẹn, ẹ wo àmì bátìrì: bí ó bá ju ìdajì lọ dáadáa, ẹ so ó, bí kò bá jù ú, ẹ fi fóònù sí ipò tó ń dín ìlò iná kù. Ẹ fi fóònù sí abẹ́ òjìji, nítorí pé fóònù tó bá gbóná jù máa ń dá ṣáájì dúró fúnra rẹ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ yọ wáyà kí ẹ sì pa ìdérí rọ́bà dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti wọlé. Ní ti òfin eré, láti ọdún 2019 ni òfin ti gbà kí a fi fóònù tàbí ẹ̀rọ wọn ọ̀nà jíjìn, àyàfi bí ìdíje kan bá fi òfin tirẹ̀ kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí a fi wọn bí ilẹ̀ ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí. Ẹ má ṣe so ìnfátà mọ́ bátìrì yìí lórí pápá nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká: ìnfátà tó ń gbé wáàtì 150 ń fa ju 12 A lọ, ó sì lè mú kí bátìrì gé iná fún kẹ̀kẹ́ náà.

Nílé, ṣáájà tí ó bá bátìrì wá ni kí ẹ lò. Ṣáájà olójé kan ní ipò tó ń gbé fólítì sókè ju 14.6 V lọ, èyí tí í ṣe òpin LiFePO4 12 V tó ní ẹyọ mẹ́rin nínú. Bátìrì olójé gbọ́dọ̀ padà sórí iná ní ọjọ́ náà gan-an tí ẹ lò ó. Ti lítíọ́mù lè dúró, ó tilẹ̀ dára kí ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó ṣáájì rẹ̀, kí ẹ má sì fi í sínú búùtù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

Ẹni tí ẹbí rẹ̀ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ láti òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ òfurufú kì í gba bátìrì lítíọ́mù tó ju 160 Wh lọ lọ́wọ́ èrò. Èyí tó wà láàárín 100 àti 160 Wh ń fẹ́ ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà. Bátìrì 216 Wh wa yẹn yóò gba ojú omi wá, tàbí kí ẹ ra bátìrì níbí kí ẹ sì mú kẹ̀kẹ́ nìkan wá.

Ní àwọn ọjọ́ tí kò sí eré, bátìrì kan náà lè gbé ẹ̀rọ Wi-Fi ilé nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ̀rọ tó jẹ́ 12 V, 1 A kò jẹ ju wáàtì 12 lọ, nítorí náà bátìrì lítíọ́mù 216 Wh tó ṣì lágbára yóò gbé e fún wákàtí 14 ó kéré tán. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mú fólítì dúró sí 12 sáàárín wọn, nítorí bátìrì lítíọ́mù tó kún máa ń ju 13 V lọ, kí ẹ sì fi fíúsì 2 A sí orí wáyà pupa. Bí eré bá wà ní ọjọ́ kejì, ẹ yọ ọ́ ní àṣálẹ́ kí ẹ lè ṣáájì bátìrì náà kún.