Omi Rédíétọ̀ Ń Dín Kù, A Ò Mọ Ibi Tó Ń Gbà Lọ: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Oṣù márùn-ún gbáko ni Camry 2000 mi, èyí tí a ń pè ní Pencil Light, fi ń mu omi bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. Mo pààrọ̀ rédíétọ̀. Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Mo ra ìdérí tuntun. Omi ò dúró. Nígbà tí a wá rí ibi tó ń jò gan-an, kò sí ìkankan nínú ohun tí mo ti rà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó bá ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi kiri nínú búùtù báyìí, tó sì ń bu omi sí rédíétọ̀ láràárọ̀ kó tó jáde nílé, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má ra nǹkan kan kí ẹ tó fojú rí i

Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á rí rédíétọ̀ tó ti dọ̀tí, á ní, "Ọ̀gá, rédíétọ̀ yìí ti lọ o." Kíá, ẹni tó ni mọ́tò á gba Ládìpọ̀ lọ, tó bá sì jẹ́ Ìbàdàn ni, á kọrí sí Gate. Kò tíì sẹ́ni tó rí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lára rédíétọ̀ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí rédíétọ̀ tí wọ́n yọ kò ní àìsàn kankan.

Omi tó ń jò máa ń fi àmì sílẹ̀. Bó bá kán sára irin tó gbóná, omi inú rẹ̀ á gbẹ, ṣùgbọ́n oògùn inú kúláǹtì, ìyẹn èròjà olómi aláwọ̀ tí a ń lú mọ́ omi rédíétọ̀, á kù síbẹ̀, á sì gbẹ di èépá: ó lè funfun, ó lè ní àwọ̀ ewé, ó sì lè pupa rẹ́súrẹ́sú bó bá jẹ́ kúláǹtì pupa ni ẹ ń lò. Èépá yìí ni kí ẹ máa wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa tọ ipa rẹ̀ lọ sókè títí tí ẹ ó fi kan ibi tó ti pilẹ̀, torí omi á kọ́kọ́ ṣàn wálẹ̀ lára irin, atẹ́gùn fáànù á sì tún gbá a sẹ́yìn, kó tó kán sílẹ̀. Ibi tó kán sí lè jìnnà díẹ̀ sí ibi tó ti jáde.

Torí náà, ẹ má fọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó wò ó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ti fọ ẹ̀rí dànù. Ẹ wò ó ná, ẹ yà á ní fọ́tò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì máa ṣọ́ ibi tí yóò kọ́kọ́ tutù.

Ẹ má wo ìgbà tó gbóná nìkan

Ojú ọ̀sán, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé mọ́tò lọ fún mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ihò mìíràn wà tó jẹ́ pé òru ló ń jò, nígbà tí irin àti rọ́bà bá tutù tí wọ́n sì sún kì. Òmíràn wà tí kò ní jò àfi bí omi bá gbóná tí agbára rẹ̀ sì ń ti họ́ọ̀sì. Ìgbà méjèèjì la gbọ́dọ̀ wò.

Páálí fìríìjì ni mo lò. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ mọ́tò lálẹ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí táyà iwájú dúró kí n lè mọ abẹ́ ohun tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀, mo rí àbàwọ́n kan tó tó owó náírà kan àtijọ́, lápá ọ̀tún níwájú. Mo ti ń rí omi lápá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo kàn ń sọ pé omi AC ni, torí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ni omi AC máa ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n n kò tan AC lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ láàárín ìka, ó sì ní òórùn dídùn díẹ̀. Omi AC kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í yọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ dákun, ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ethylene glycol tó wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ajá ń lá a, ọmọ kékeré náà lè fẹ́ ẹ. Èyí tó bá dà sílẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò kíákíá.

Ẹ má ṣí ìdérí nígbà tó gbóná

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ojú àti àyà ṣì ń jó káàkiri ọ̀nà márosẹ̀. Ìdérí yẹn ló ń há agbára mọ́ inú rédíétọ̀, òun ló ń jẹ́ kí omi lè gbóná dé nǹkan bíi 120°C láìhó. Bí ẹ bá yí i báyìí, omi náà á di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò sí yín lójú. Ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè. Bí ẹ kò bá lè dì í mú, ẹ fi ìdérí sílẹ̀.

Agbára yìí kan náà la fi ń wá ibi tó ń jò. Irinṣẹ́ kan wà, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó ní gééjì, tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Wọ́n á fún un dé iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí, bíi 0.9 tàbí 1.1 bar, wọn ò ní kọjá rẹ̀, torí èyí tó bá kọjá lè fọ́ ohun tí kò fọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí abẹ́rẹ́ gééjì bá ń lọ sílẹ̀, omi ti ń gba ibì kan lọ nìyẹn. Ó yẹ kí ẹ wá mẹkáníìkì tó ní i kàn, bó tilẹ̀ jìnnà.

Ìtọ́jú tó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀

"Ẹ jẹ́ ká yọ thermostat dànù, ilẹ̀ wa gbóná." Ẹ má gbà. Thermostat ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó; ti Toyota yìí máa ń ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ, á máa jẹ epo, ihò tó ń jò á sì wà níbẹ̀ sí i.

Oògùn dí-ihò tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kò mọ ihò yàtọ̀ sí ọ̀nà omi. Ó lè dí àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀ àti ti hítà. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ yín lọ́nà jíjìn, n kò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe. Bákan náà ni gọ́ọ̀mù. Rédíétọ̀ Peugeot 504 àtijọ́ jẹ́ bàbà, wọ́n lè jó o padà. Ti ìsinsìnyí, irin aluminium ni àárín rẹ̀, ike lorí rẹ̀, gọ́ọ̀mù kì í sì í pẹ́ lórí ike tó ń gbóná tó ń tutù lójoojúmọ́.

Omi kànga tàbí ti borehole nìkan náà ń ṣe wá ní jàǹbá. Ìpẹtà rẹ̀ ń jẹ irin láti inú, títí kan àwọn ìdérí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí ihò ara ẹ́ńjìnnì. Ìdajì kúláǹtì àti ìdajì omi tí wọ́n ti yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló dára.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lásán

Bí omi bá ń lọ tí a ò rí ẹ̀kán, ariwo top gasket, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló máa ń tẹ̀lé e. Ó lè jẹ́ òótọ́: èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró láti sàlẹ́ǹsà, ọ́ìlì tó dà bí ògì, ìfófòó tó ń rú jáde lẹ́nu rédíétọ̀. Síbẹ̀, oògùn aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n fi ń yẹ afẹ́fẹ́ ẹnu rédíétọ̀ wò. Bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá wà nínú rẹ̀, á di yẹ́lò. Kí wọ́n ṣe ìyẹn ná. Kí wọ́n sì gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ sókè, torí hítà inú ọkọ̀ lè máa jò síbẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún mọ́tò ṣe ládùúgbò wa ló wá wo páálí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, lọ́wọ́ ọ̀tún níwájú? Ẹ́ńjìnnì 5S yìí, ẹ̀yìn ìdérí timing belt ni water pump rẹ̀ wà." Water pump ni pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì, timing belt sì ni bẹ́líìtì tó ń yí i. Nígbà tó tú ìdérí ike náà, èépá pupa kan wà lábẹ́ pump, ó tín-ín-rín bí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ihò kékeré tí wọ́n dìídì dá síbẹ̀ kí omi lè máa gbà jáde nígbà tí rọ́bà inú bá ti jẹ. Bẹ́líìtì ti tutù. Ó ní ká pààrọ̀ pump àti bẹ́líìtì pa pọ̀, àtàwọn rọ́bà iwájú, torí iṣẹ́ títú kan náà ni.

Lẹ́yìn náà ló gbé imú mọ́tò sórí òkè díẹ̀, ó yí hítà sí gbígbóná, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí fáànù fi ṣí lẹ́ẹ̀mejì, kí afẹ́fẹ́ inú lè jáde. Mo tẹ́ páálí tuntun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ń yẹ omi wò láàárọ̀ kí n tó gbéra. Ní àárọ̀ kẹrin, páálí ṣì gbẹ fúlẹ́fúlẹ́, omi ò sì yẹ̀ lójú ilà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi kúrò nínú búùtù.