Bí mo ṣe ra dátà ẹ̀ẹ̀mejì nítorí òṣùpá kan ṣoṣo

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo kọ́kọ́ fi ra dátà. Mo tún fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e, fáìlì kan náà ni mo sì ná gbogbo rẹ̀ sí. Inú ṣì ń bí mi.

Kòtò orí òṣùpá ni mo fẹ́ wọ̀n, nínú yàrá mi ní Sábó, Ifẹ̀ níbí. Ọkọ̀ òfuurufú Lunar Reconnaissance Orbiter tí NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọ̀run, rán lọ ní 2009 ti ya gbogbo ojú òṣùpá, wọn kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ àwòrán náà. Èyí tí mo fẹ́, tí píksẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan (àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán) jẹ́ 100 mítà lórí òṣùpá, tó bíi gígábáìtì 6. Àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́, dátà lówó. Òru méjì ni mo fi fà á wálẹ̀, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo gbé e sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, mo so ó mọ́ dìgírì, kí ètò náà lè mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Mo wá wọ̀n Tycho, kòtò tí gbogbo ayé mọ̀ ní gúúsù òṣùpá, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 85, ẹ sọ pé láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn. Tèmi fún mi ní 312.

Mo ní iná tó lọ ló ba fáìlì jẹ́. Ó ti dá mi lójú, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti yẹ nǹkan mìíràn wò. Mo ra dátà míì, mo tún fà á látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wọ̀n Tycho: 312. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju láàpù sílẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, èmi gan-an ni wọ́n pa òwe yẹn mọ́.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ránṣọ, ló gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kòtò kan ṣoṣo ló tóbi jù ni, àbí gbogbo wọn? Tí gbogbo aṣọ bá tóbi jù bákan náà, tépù ni kẹ́ ẹ mú.” Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo wọ̀n Copernicus, kòtò òṣùpá mìíràn tó yẹ kó jẹ́ 93. Ó fún mi ní 341. Mo fi iye tó yẹ pín iye tí mo rí fún méjèèjì: 3.67, 3.67. Fáìlì tó bàjẹ́ kì í ṣàṣìṣe lọ́gbọọgba báyẹn.

Iléṣà ló fà á. Níbẹ̀ ni mo ti ń ya máàpù kòtò àwọn awagóòlù, WGS 84, ìwọ̀n tó ń sọ fún QGIS bí ayé ṣe tóbi tó, sì ni mo máa ń yàn, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Ayé ni WGS 84 wà fún o: láti àárín ayé dé ẹ̀bá rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,378, ti òṣùpá ò ju 1,737.4 lọ. Dìgírì kan tó jẹ́ kìlómítà 111 lọ́dọ̀ wa, bíi 30 péré ni lọ́hùn-ún. Tépù ayé ni mo fi ń wọ̀n òṣùpá! Nọ́ńbà kan ni mo yí, kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Tycho di 85.

Ẹ wo inú mi lọ́jọ́ náà! Lọ́sẹ̀ yẹn mo ka kòtò 214 ní ibi dúdú kan àti nínú ilẹ̀ funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ bákan náà, ilẹ̀ funfun sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ibi tí kòtò bá pọ̀ sí ló ti pẹ́ jù lábẹ́ òkò ojú ọ̀run, bí wọ́n ṣe ń mọ àgbà ilẹ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn. Tí kòtò bá dà bí òkìtì lójú yín, ẹ yí àwòrán náà títí ìmọ́lẹ̀ á fi máa tòkè wá. Ẹ sì kọ́kọ́ wọ̀n ohun tí ẹ ti mọ ìbú rẹ̀, méjì ó kéré tán, kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Fáìlì kejì ṣì wà lórí láàpù mi. Ó gba àyè gan-an, àmọ́ mi ò lè pa á rẹ́, owó mi ni.