Ẹsẹ̀ Anson mi kì í ká: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi Avro Anson Mk I (irú àkọ́kọ́ bàálù Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní ẹ́ńjìnnì méjì) kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń gbéra dáadáa, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn táyà tó fi ń balẹ̀, kì í ká wọlé, bàálù náà kì í sì í sáré. Mo wá bọ́tìnì rẹ̀ títí, n kò rí i. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Mk I kò ní bọ́tìnì fún ẹsẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀, ẹ óò rí hándù kan níbẹ̀. Ẹ óò yí i ju ìgbà 140 lọ kí ẹsẹ̀ méjèèjì tó wọlé tán. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́! Nígbà tí àwọn ológun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó láti 1936, bí ibi tí wọ́n ń lọ kò bá jìnnà, wọ́n sábà máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ láìká. Ohun tí wọ́n ń pàdánù ni iyára, nǹkan bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ibẹ̀ ni iyára tí ẹ ń wá bá lọ.

Ẹ má tètè fọwọ́ kan hándù náà o. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí bàálù ga kúrò nílẹ̀ dáadáa, kó sì dúró déédéé.

Ìbéèrè: Tí mo bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sí èyí tó lágbára jù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ́ńjìnnì nìkan kò lè gbà yín lọ́wọ́ hándù. Ẹ́ńjìnnì Cheetah IX méjì ló wà lára Mk I, agbára ẹṣin 350 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà ogun, Cheetah kò dé Kánádà mọ́ bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfúrufú. Wọ́n wá fi ẹ́ńjìnnì Jacobs ti Amẹ́ríkà sí Mk II. Agbára ẹṣin 330 ni, ó kéré sí ti Cheetah díẹ̀, àmọ́ òróró inú páìpù ló ń ká ẹsẹ̀ Mk II. Ìyẹn gan-an ni ìsinmi fún apá yín.

Èyí tí èmi yóò mú ni Mk V: pákó alápapọ̀ ni ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Wasp Junior alágbára ẹṣin 450 ló sì ń gbé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, Mk XI ti bọ́ lọ́wọ́ hándù.

Ìbéèrè: Tí mo bá fẹ́ balẹ̀ pẹ̀lú Mk I ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, nígbà tí pápákọ̀ ṣì jìnnà. Ẹ rí i dájú pé ẹsẹ̀ méjèèjì ti jáde tán kí ẹ tó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù.