Bí O Ṣe Lè Kọ̀ Láti Tẹ̀ Lé Àṣẹ Tí Kò Tọ́ Láìrí Ọ̀gá Rẹ Fín

Máníjà tó wà láàárín ni wọ́n sábà máa ń rán ní iṣẹ́ tí ọ̀gá àgbà kò fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. "Bá wa fi nǹkan díẹ̀ kún iye yẹn, a ó tún un ṣe tó bá di oṣù tó ń bọ̀." Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ìwọ ni wàá kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ rẹ ni yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ gan-an ni kí o kọ̀. Lọ́dún 2000, ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù WorldCom ní Mississippi, Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí Betty Vinson, máníjà kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó, yí mílíọ̀nù 828 dọ́là padà nínú ìwé kí èrè lè pọ̀ lójú ayé. Ó ṣe é. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó kọ lẹ́tà pé òun ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ mọ́, torí owó oṣù tirẹ̀ ni ilé gbójú lé. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn di ohun tó ń ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 5. "Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é" kò gbà á.

Nítorí náà, máa tọ́jú owó tó lè bọ́ ilé rẹ fóṣù mélòó kan. Àwọn tó ń wàásù ìgboyà kì í sọ èyí, bẹ́ẹ̀ owó ilé ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn buwọ́ lùwé.

Kó ẹ̀rí jọ: déètì, iye, ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má fi ìwé oníbàárà ránṣẹ́ sórí fóònù ara rẹ o, ìyẹn lè di ẹ̀sùn mìíràn sí ọ lọ́rùn.

Wàyí o, lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì rẹ̀, kì í ṣe ní ìpàdé, kì í ṣe lórí WhatsApp. O lè sọ pé: "Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń yọ yín lẹ́nu lókè. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọdítọ̀ bá dé, mi ò ní rí rìsíìtì kankan fi hàn wọ́n lórí iye yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ iye tó wọlé gan-an, ká sì jọ ṣàlàyé ìdí tó fi lọ sílẹ̀." O kò pè é lólè, o sì ti la ọ̀nà mìíràn fún un. Lọ́jọ́ yẹn náà, fi ímeèlì kékeré ṣọwọ́ sí i: "Ẹ ṣeun, sà. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ, iye tó wọlé gan-an ni mo kọ."

Má sì gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ ṣe. Àwọn kan rò pé bí kọ́pà bá ti bá àwọn tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ àwọn mọ́. Kò mọ́.

Bí ọ̀gá bá takú, wá ẹni tó jù ú lọ. Ní WorldCom kan náà, Cynthia Cooper ni olórí àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò. Òru lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì kó ẹ̀rí sórí CD kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á rẹ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó owó ní kó sún àyẹ̀wò náà síwájú. Cooper kọjá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olùdarí tó ń rí sí ìṣirò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2002, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ bílíọ̀nù 3.8 dọ́là tí wọ́n kọ síbi tí kò yẹ.

Tètè wádìí nọ́ńbà fóònù tí ilé iṣẹ́ rẹ là sílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, kí o sì béèrè ẹni tó ń gbé ìpè rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀gá yẹn kan náà ni, ìgbìmọ̀ olùdarí ni kí o kọ lẹ́tà sí.